Sarah Forbes Bonetta

Sarah Forbes Bonetta, tí orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ ń jẹ́ Àìná (nǹkan bí ọdún 1843 – 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1880), jẹ́ ọmọ Yorùbá láti Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú ní kékeré. Ní ọdún 1850, Ọba Ghezo ti Dàhòmì fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ, ẹni náà sì mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọbabìnrin Victoria di alágbàtọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ńlá ní Èkó, tí ó sì di ọ̀kan lára àwọn obìnrin tí a mọ̀ jù ní ìlú náà ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Nínú ogún ọdún àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Sarah gbé láàárín àwọn ọmọdé tí wọ́n jọ ọ́ lẹ́yìn tí ó kúrò ní ìlú rẹ̀ àti ní Dàhòmì. Ní ibi yòókù, òun nìkan ni àwọ̀, irun àti ilà ojú rẹ̀ yàtọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe máa ń mẹ́nu kan ìtàn rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà àwọn ọmọdé sí ẹgbẹ́ wọn tí ìrísí rẹ̀ kò bá tiwọn mu, àti nípa ipa tí àwọn àgbà ń kó nínú ìwà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ rẹ̀

Àìná jẹ́ ọ̀kan lára àwọn orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọbìnrin tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni àwọn Yorùbá ń sọ ní Àìná. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n sábà máa ń pè é ní Òjó. Ohun tí àwọn àgbà rí lára ọmọ nígbà tí ó dé ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń sọ. Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé, Dàda ni èyí tí irun orí rẹ̀ ta kókó láti inú ìyá rẹ̀, Olúgbódi sì ni èyí tí ó ní ìka mẹ́fà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní oríkì tirẹ̀. Nípa báyìí, ohun tí ó mú ọmọ yàtọ̀ di ohun tí a fi ń kí i, tí a sì fi ń gẹ̀ ẹ́.

Orúkọ mẹ́ta tí ó rù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ nǹkan kan nípa ìbí rẹ̀. Sarah ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, Forbes ni orúkọ ọ̀gágun tí ó gbà á, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e kúrò ní Áfíríkà. Síbẹ̀, kò gbàgbé orúkọ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọdún 1862, Ina ni ó fi ṣáájú àwọn yòókù, èyí tí í ṣe Àìná bí a ti ń kọ ọ́ ní ìgbà náà.

Ìbí àti ìkólẹ́rú

A bí Àìná ní nǹkan bí ọdún 1843 ní Òkè-Ọ̀dàn, ìlú kan ní ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, èyí tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Lẹ́yìn tí agbára Ọ̀yọ́ ti dínkù, àwọn ìlú Yewa di ibi tí àwọn alágbára ayé ìgbà náà ń jà sí, nítorí ọ̀nà òwò tí ó lọ sí etí òkun gba àárín wọn kọjá. Dàhòmì, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Àgbómẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó ń kó wọn lẹ́rú.

Ní ọdún 1848, ogun Dàhòmì kọlu Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa àwọn òbí Àìná, wọ́n sì kó òun fúnra rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Nǹkan bí ọdún méjì ni ó lò ní ọwọ́ àwọn ará Dàhòmì. Wọn kò tà á fún àwọn oníṣòwò ẹrú. Àlàyé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó rí i níbẹ̀ ṣe ni pé wọ́n fi í pamọ́ láti fi rúbọ nígbà ayẹyẹ ìrántí àwọn ọba, nítorí pé wọ́n kà á sí ọmọ ilé ńlá. Ilà tí ó wà ní ojú rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é ní ọmọ ọba.

Bí ó ṣe dé ọwọ́ Forbes

Frederick Forbes jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ogun HMS Bonetta, èyí tí ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn láti máa dènà òwò ẹrú ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1849 àti 1850, ó lọ sí Àgbómẹ̀ láti rọ Ọba Ghezo pé kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ghezo kò gbà. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ọba, ó fún àlejò rẹ̀ ní ẹ̀bùn, Àìná sì wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n fún Forbes ní ọdún 1850. Forbes gbà á ní orúkọ Ọbabìnrin Victoria. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé bí òun bá kọ̀ ọ́, ikú ni ìbá jẹ́ èrè ọmọ náà.

Ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un lọ́wọ́ àwọn ajíyìnrere CMS, kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lórí omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi máa gúnlẹ̀, ó ti ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀.

Láàárín àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì

Ilé Forbes ní Winkfield, nítòsí Windsor, ni Sarah kọ́kọ́ gbé. Forbes ní àwọn ọmọ tirẹ̀, àárín wọn sì ni wọ́n fi Sarah sí. Aṣọ tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀ ni ó ń wọ̀, oúnjẹ wọn ni ó ń jẹ, ẹ̀kọ́ wọn ni ó sì ń kọ́. Sally ni wọ́n ń pè é nínú ilé.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1850, Forbes mú un lọ sí ààfin Windsor. Ọbabìnrin Victoria àti Albert ọkọ rẹ̀ gbà á lálejò. Nínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀, Ọbabìnrin kọ ọ́ pé ọmọ náà gbọ́n, ó já fáfá, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣàpèjúwe irun orí rẹ̀ tí ó hàn nígbà tí wọ́n ṣí fìlà kúrò lórí rẹ̀, àti yẹtí ńlá tí ó wà ní etí rẹ̀. Ó rí ọmọdébìnrin tí ó múra bí ọmọdébìnrin yòókù, ṣùgbọ́n ohun tí ó dá dúró nínú ọkàn rẹ̀ ni ibi tí ó ti yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ọbabìnrin ti gba ìnáwó ìtọ́jú Sarah sí ọrùn ara rẹ̀.

Ọbabìnrin ní ọmọ méje ní ìgbà náà. Alice, ọmọ rẹ̀ obìnrin kejì, ni a bí ní oṣù Kẹrin ọdún 1843, èyí tí ó sọ òun àti Sarah di ẹgbẹ́ nínú ọjọ́ orí. Wọ́n ń pe Sarah wá sí ààfin láti bá àwọn ọmọ ọba ṣeré, Alice ni ó sì sún mọ́ jù nínú wọn. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá ara wọn ṣe ní kékeré kò parí sí kékeré. Ní oṣù Kìíní ọdún 1858, Sarah wà lára àwọn tí a pè sí ìgbéyàwó Victoria, ọmọ ọba tí ó jẹ́ àkọ́bí.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn àgbà gbà wò ó. Ní ọdún 1851, Forbes tẹ ìwé kan jáde nípa ìrìn-àjò rẹ̀ sí Dàhòmì. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé Sarah ní ẹ̀bùn orin, pé ó sì ta àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nínú ẹ̀kọ́. Ó ní gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó fẹ́ràn rẹ̀, àfi àwọn díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó dábàá pé a lè fi í dán làákàyè àwọn aláwọ̀ dúdú wò. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ìgbà náà gbà pé bí ọmọ Áfíríkà bá dàgbà dé àyè kan, ọpọlọ rẹ̀ kì í lè gba ẹ̀kọ́ mọ́. Forbes fúnra rẹ̀ kò gba èrò náà gbọ́. Síbẹ̀, ohun tí ó kọ sọ ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ di ẹ̀rí nínú àríyànjiyàn àwọn àgbà. Àwọn ọmọ tí ó ń bá ṣeré kò ní ìdánwò kankan tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Forbes kò pẹ́ lẹ́yìn ìwé náà. Ó kú ní ọdún 1851, ó sì di ẹ̀ẹ̀kejì tí Sarah pàdánù ẹni tí ó ń ṣe bàbá fún un, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ilé-ẹ̀kọ́ ní Freetown

Ní ọdún 1851 kan náà, ikọ́ ń bá Sarah jà. Àwọn àgbà gbà pé òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá ara ọmọ Áfíríkà mu. Nítorí náà, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Freetown ní Sierra Leone, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí CMS dá sílẹ̀ ní ọdún 1849, èyí tí ó wá di Annie Walsh Memorial School. Bí wọ́n ṣe mú un kúrò láàárín àwọn ọmọ Forbes àti àwọn ọmọ ọba nìyẹn, nítorí ohun tí wọ́n rò nípa àwọ̀ àti ara rẹ̀.

Ní Freetown, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ kàwé jọ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lórí omi, àwọn Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn ni baba ńlá àwọn tí a ń pè ní Sàró ní Èkó. Ó yẹ kí ibẹ̀ rọrùn fún un ju ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ mìíràn wà níbẹ̀. Ìwé àti ẹ̀bùn ń ti ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin wá fún un, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sì mọ̀ pé ọmọ ààfin ni. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ipò tí àwọn àgbà gbé e sí ti yà á sọ́tọ̀. Inú rẹ̀ kò dùn níbẹ̀ títí. Ní ọdún 1855, nígbà tí ó tó ọmọ ọdún méjìlá, Ọbabìnrin fi àṣẹ sí i pé kí wọ́n dá a padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé Schön ní Gillingham

Ọ̀dọ̀ Àlùfáà James Frederick Schön àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi í sí nígbà tí ó padà. Ilé wọn, Palm Cottage, wà ní Gillingham, nítòsí Chatham ní Kent. Jámánì ni a ti bí Schön. Ó ti ṣiṣẹ́ ajíyìnrere ní Sierra Leone, ó sì wà pẹ̀lú Samuel Àjàyí Crowther nínú ìrìn-àjò odò Ọya ti ọdún 1841. Onímọ̀ èdè ni, àwọn ìwé rẹ̀ lórí èdè Hausa sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú irú wọn. Àwọn ènìyàn inú ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ Áfíríkà kí Sarah tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn ọmọ pọ̀ nínú ilé náà, Sarah sì bá wọn dàgbà. Màmá ni ó ń pe ìyàwó Schön nínú àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí i. Ó kọ́ èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ta dùùrù, ó sì ń lọ sí Windsor lóòrèkóòrè. Ilé yìí ni ó gbé pẹ́ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ó sì máa ń pè ní ilé.

Ìgbéyàwó

James Pinson Labulo Davies jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sierra Leone ní ọdún 1828. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di oníṣòwò ní Èkó. Ní ọdún 1859, nígbà tí Thomas Babington Macaulay ń dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, Davies ni ó fi 50 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ríra ìwé àti ohun èlò.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú, Davies tọrọ Sarah. Sarah kọ́kọ́ kọ̀, ó sì sọ fún ìyàwó Schön nínú lẹ́tà pé òun kò ní ìfẹ́ ọkùnrin náà. Àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ mú un lọ sí Brighton, sí ilé àwọn obìnrin àgbà kan, kí ó lè tún inú rò. Nígbẹ̀yìn, ó gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Èrò kún ojú pópó láti wò wọ́n. Wọ́n ṣètò pé kí àwọn obìnrin funfun bá àwọn ọkùnrin dúdú rìn, kí àwọn obìnrin dúdú sì bá àwọn ọkùnrin funfun rìn, àwọn ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ bí ohun ìyanu. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ni Camille Silvy ya àwòrán tọkọtaya náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àwòrán yìí wà ní National Portrait Gallery títí di òní.

Ìgbé ayé rẹ̀ ní Èkó

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n padà sí Áfíríkà, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ ní Èkó, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbà ní ọdún 1861. Sarah ṣe olùkọ́ fún àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1863, ó bí ọmọbìnrin kan, ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọbabìnrin láti sọ ọ́ ní Victoria. Ọbabìnrin gbà, ó sì di ìyá ìrìbọmi ọmọ náà. Ní ọdún 1867, Sarah mú ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bí Arthur ní ọdún 1871 àti Stella ní ọdún 1873.

Èkó tí Sarah gbé jẹ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ irú ènìyàn ń gbé pọ̀: àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn Sàró, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé, àti àwọn òyìnbó díẹ̀. Àwọ̀ tí ó mú un dá yàtọ̀ ní Winkfield kò mú un dá yàtọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀, èdè rẹ̀ àti bí ó ṣe mọ ààfin Gẹ̀ẹ́sì fi í sí àárín àwọn díẹ̀. Títí dé ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, ohun tí àwọn ènìyàn fi ń dá a mọ̀ ń yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ikú rẹ̀

Ikọ́ tí ó ti ń bá a fínra láti kékeré kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1880, nígbà tí òwò ọkọ rẹ̀ ti dojú rú, ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Funchal ní erékùṣù Madeira, ibi tí àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń lọ nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1880, ọjọ́ kan lẹ́yìn àyájọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ọdún kejìdínlógún. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ibi ìsìnkú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Funchal ni wọ́n sin ín sí. Victoria, ọmọ rẹ̀ àgbà, wà ní ọ̀nà láti lọ rí Ọbabìnrin nígbà tí ìròyìn ikú náà dé.

Ìjọn àti ìgbèríko Èkó

Davies ri òpó òkúta kan mọ́lẹ̀ ní ìrántí ìyàwó rẹ̀ ní Ìjọn, ìletò oko kan ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Ní oko yìí kan náà ni ó ti gbin kòkó ní nǹkan bí ọdún 1880, èyí tí ó sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi kòkó ṣe òwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbèríko yìí ni ọ̀gbìn kòkó ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Agége, tí àwọn náà sì tàn án kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ìgbèríko ìwọ̀-oòrùn Èkó tí ó jẹ́ igbó àti oko ní ayé Davies ti di ìlú ńlá. Alímọ̀ṣọ́, tí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò wà nínú rẹ̀, ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ènìyàn pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn ọdún 2006. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí a kà níbẹ̀. Àwọn Àwórì, àwọn Yorùbá láti ìlú gbogbo, Ìgbò, Hausa, Ẹ̀gùn àti àwọn mìíràn ni wọ́n ń gbé pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń jókòó lórí àga kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni àfín, ọmọ tí ó kọ ilà, Dàda tí wọn kò gé irun rẹ̀, àti ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba ti ń kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ rò nípa rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ìrísí wọn yàtọ̀

Sarah kọ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí a gbé láti òkèèrè wá sí abẹ́ ìtọ́jú Ọbabìnrin Victoria. Gouramma, ọmọ ọba Coorg ní Íńdíà, ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní ọdún 1852, Ọbabìnrin sì dúró fún un. Alemayehu, ọmọ Ọba Tewodros ti Etiópíà, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní ọdún 1868 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ Rugby, kò sì gbádùn ibẹ̀. Ó kú ní Leeds ní ọdún 1879, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Sarah rí ìdílé tí ó gbà á bí ọmọ. Alemayehu ń ti ọwọ́ alágbàtọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, kò sì rí ibi kan pè ní ilé.

Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé fúnra wọn. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni iṣẹ́ Mamie Phipps Clark àti ọkọ rẹ̀, Kenneth Clark, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ọmọláńgidi tí ó dọ́gba nínú ohun gbogbo àfi àwọ̀ síwájú àwọn ọmọ dúdú tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́ta sí méje. Púpọ̀ nínú wọn yan ọmọláńgidi funfun, wọ́n sì sọ pé òun ni ó dára. Ní ọdún 1954, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà mẹ́nu kan iṣẹ́ wọn nígbà tí ó dájọ́ pé kò tọ́ láti ya ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti funfun. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn ni pé ọmọ kékeré ń rí ìyàtọ̀ àwọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n àwùjọ tí ó yí i ká ni ó ń kọ́ ọ ní èyí tí ó yẹ kí ó fẹ́ràn àti èyí tí ó yẹ kí ó kórìíra.

Ìgbésí ayé Sarah bá èyí mu. Àwọn àgbà ni wọ́n wọn ọgbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ṣàpèjúwe irun rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e láti ilẹ̀ kan dé òmíràn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ gbé, tí wọ́n jọ jẹun, tí wọ́n sì jọ kàwé ni ó bá ṣọ̀rẹ́. Ní Nàìjíríà, òfin pẹ̀lú ti dá sí ọ̀kan lára àmì tí ó mú un yàtọ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka kíkọ ilà sí ara ọmọdé léèwọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ ní ọdún 2007. Òfin lè dá abẹ olóólà dúró, ṣùgbọ́n kò kan àfín tàbí Dàda, tí ìyàtọ̀ wọn ti ọ̀run wá. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ilé bá ń sọ nípa irú àwọn wọ̀nyí ni ọmọ ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀

Victoria Davies kàwé ní Cheltenham Ladies' College ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ Dókítà John Randle ti Èkó ní ọdún 1890. Stella Davies bí ọmọbìnrin kan, Sarah Abigail Ìdòwú, fún Herbert Macaulay, olóṣèlú tí ó jẹ́ ọmọ ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀. Ìdòwú ni ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Kwaku Adadevoh, tí ó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì ìlú Èkó. Ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn Ebola àkọ́kọ́ tí ó wọ Nàìjíríà kúrò ní ilé ìwòsàn ní ọdún 2014. Àìsàn náà ni ó pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún náà.

Ìrántí rẹ̀

Ní ọdún 1999, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, Walter Dean Myers, kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé Sarah fún àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ti fi àmì ìrántí rẹ̀ sí Palm Cottage ní Gillingham. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àjọ English Heritage gbé àwòrán rẹ̀, tí Hannah Uzor kùn, kọ́ ní Osborne House, ilé tí Ọbabìnrin Victoria àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti máa ń lo ìsinmi. Aṣọ ìgbéyàwó ni ó wọ̀ nínú àwòrán náà, gẹ́gẹ́ bí Silvy ti yà á ní ọdún 1862.